Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Ìwé Ìbéèrè Àyẹ̀wò Ìdàgbàsókè Ọmọdé fún Àwọn Òbí Tó Ń Sọ isiZulu

Ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn odi ìlú Durban ní Gúúsù Áfíríkà, mo jókòó ti nọ́ọ̀sì kan tó ń ka ìbéèrè fún ìyá ọmọ ọdún méjì. Ó bi ìyá náà bóyá ọmọ rẹ̀ máa ń so ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ìyá náà ronú díẹ̀, ó ní rárá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kọ òdo síwájú ìbéèrè yẹn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá gbé ṣíbí oúnjẹ sún mọ́ ọmọ lẹ́nu, ọmọ sì fi ọwọ́ ti ṣíbí náà kúrò, ó ní: "Angifuni."

Bí wọ́n ṣe ń kọ isiZulu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "Angifuni". Ní Yorùbá, "mi ò fẹ́" ni, ọ̀rọ̀ mẹ́ta sì ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, kíkọ̀ wà nínú rẹ̀, ohun tó ń kọ̀ láti ṣe sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì kà kò ní àṣìṣe gírámà kankan, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì gbọ́ isiZulu dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló túmọ̀. Kò túmọ̀ ohun tí ìbéèrè náà ń wá lára ọmọ.

Nítorí irú òdo bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí, fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń ṣe ìwádìí tàbí tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní KwaZulu-Natal, agbègbè tí Durban wà, tí wọ́n bá ní kí wọ́n darí irú iṣẹ́ báyìí. isiZulu ni èdè tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilé àwọn ará Gúúsù Áfíríkà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2022, ìdá 24.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní òun ni wọ́n ń sọ nílé. Èmi fúnra mi kì í túmọ̀ sí isiZulu, nítorí kì í ṣe èdè abínibí mi. Iṣẹ́ mi ni láti kó àwọn tó ni èdè náà jọ, kí n sì rí i pé iṣẹ́ wọn kò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì gba àṣẹ

Àwọn ìwé ìbéèrè wọ̀nyí kì í sọ pé àrùn báyìí ló ń ṣe ọmọ. Wọ́n ń ya àwọn ọmọ tó yẹ kí onímọ̀ tún yẹ̀ wò sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa dàgbà bó ṣe yẹ. ASQ-3, ìwé ìbéèrè tí òbí ń dáhùn nípa ìdàgbàsókè ọmọ rẹ̀, ní ìwé 21, láti orí ọmọ oṣù kan títí dé ọmọ oṣù 66. Ìbéèrè 30 nípa ìdàgbàsókè ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀ka márùn-ún: ìbánisọ̀rọ̀, lílo ẹsẹ̀ àti gbogbo ara, lílo ọwọ́ àti ìka, yíyanjú ìṣòro, àti bíbá ènìyàn gbé. "Bẹ́ẹ̀ ni" gba máàkì 10, "nígbà mìíràn" gba 5, "kò tíì ṣe é" gba òdo. M-CHAT-R/F, tó ń wá àmì ọ́tísíìmù (autism), ìyàtọ̀ ìdàgbàsókè tó ń kan bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn lò, lára ọmọ oṣù 16 sí 30, ní ìbéèrè 20. Níbí, ìdáhùn tó bá jẹ́ àmì ewu ló ń gba máàkì kan. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá wà láàárín 3 sí 7, a ó tún bi òbí rẹ̀ ní ìbéèrè síwájú sí i. Èyí tó bá dé 8 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ onímọ̀ ni a ó darí rẹ̀ sí tààrà.

Àwọn méjèèjì ló ní ẹni tó ni wọ́n. Brookes Publishing ló ń tẹ ASQ-3, kò sì sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti túmọ̀ rẹ̀ láìgba àṣẹ. M-CHAT-R/F wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n títúmọ̀ rẹ̀ tàbí yíyí i padà ń béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ tó túmọ̀ ìlà kan, kí ẹ sì béèrè bóyá ìtumọ̀ isiZulu kan ti wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kódà bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń wá

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá, ibí yìí gan-an ni mo sì rò pé iṣẹ́ náà wà. Ẹ ṣí ìwé kan, ẹ pín in sí òpó mẹ́ta. Ẹ kọ ìbéèrè sí òpó kìíní. Ẹ kọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe sí òpó kejì. Ẹ wá kọ ohun tí a lè pààrọ̀ àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn sí òpó kẹta. Ẹni tó mọ ìdàgbàsókè ọmọdé ni kí ó bá yín kọ òpó kejì, kí ó tó di pé atúmọ̀ èdè kankan rí ìwé náà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. ASQ-3 béèrè bóyá ọmọ ń fi orí àtàǹpàkò àti ìka kan mú èérún oúnjẹ tàbí Cheerio, ìyẹn oúnjẹ òwúrọ̀ roboto kan tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń jẹ. Nínú ilé tó wà lórí òkè ní Msinga, ta ni yóò ra Cheerio? Òpó kejì sọ fún wa pé ìdí ìbéèrè náà ni bí ọmọ ṣe ń fi orí ìka méjì pàdé ara wọn lórí ohun tín-ín-rín. Èérún uphuthu, ìyẹn oúnjẹ àgbàdo wọn tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀pà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ kò ṣeé lò, nítorí ó lè há ọmọ lọ́fun, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìwé tiwa kọ́ ìyá pé kí ó gbé irú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Àtẹ̀gùn le ju èyí lọ. Ìbéèrè púpọ̀ ló dá lórí gígun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé roboto ní ìgbèríko kò ní ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ìtẹ̀sẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, ẹ ti sọ ìbéèrè náà di ohun tó rọrùn. Bí ẹ bá fi òkúta gíga rọ́pò rẹ̀, ẹ ti mú un le. Ààlà máàkì tí a fi ń pinnu ẹni tó yẹ kí a darí sí onímọ̀ so mọ́ bí ìbéèrè ṣe le tó, nítorí náà gbogbo ìrọ́pò irú èyí gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ àti sọ́dọ̀ àwọn tó ni ìwé kí a tó lò ó.

Nígbà mìíràn, ohun tó yẹ ni kí a fi àpẹẹrẹ kún un láìyọ èyí tó wà tẹ́lẹ̀. M-CHAT-R/F béèrè nípa eré àfarawé: ọmọ tó ń mu nǹkan nínú ife òfìfo, tó ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, tó ń fún ọmọlangidi lóúnjẹ. Ọmọ tí kò ní ọmọlangidi lè so ìgò òfìfo mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pọn àbúrò. Wọ́n ń pe pípọn náà ní ukubeletha. Kò sí Yorùbá kan tí a óò ṣàlàyé èyí fún. Bí a bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, ìyá yóò rántí ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kó àwọn ènìyàn jọ

Ẹ wá atúmọ̀ èdè méjì tí isiZulu jẹ́ èdè abínibí wọn, kí kálukú dá tirẹ̀ ṣe. Ó dára kí ọ̀kan mọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn, kí èkejì má mọ̀ ọ́n. Ó dára bákan náà kí ọ̀kan wá láti ìgbèríko bíi Nongoma, kí èkejì sì wá láti àdúgbò bíi Umlazi, níbi tí èdè ti ń pàdé Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́. Ẹ wá onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ọmọdé tó ń sọ isiZulu. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, tí kò rí ìwé àtilẹ̀bá rí. Ẹ má sì gbàgbé ìyá àgbà kan, ugogo, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Durban tàbí Johannesburg. Ẹni tó ń wẹ ọmọ lójoojúmọ́ ni yóò dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣe ìpinnu mẹ́ta kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́

Ìpinnu kìíní ni ọ̀rọ̀ tí ẹ óò máa lò fún ọmọ. isiZulu ní ingane, ó tún ní umntwana. Ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ẹgbẹ́ yìí ló sì ń pinnu àfòmọ́ tí ọ̀rọ̀ ìṣe yóò gbé. "Ingane yakho iyakhomba?" àti "Umntwana wakho uyakhomba?" ń béèrè ohun kan náà, pé ṣé ọmọ yín máa ń fi ìka nawọ́ sí nǹkan. Àmọ́ bí atúmọ̀ kan bá lo ìkíní tí èkejì sì lo ìkejì, gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe inú ìwé náà ni ẹ óò máa tún ṣe nígbà tí ẹ bá so wọ́n pọ̀, àṣìṣe yóò sì ṣẹ́ kù. Mo fara mọ́ umntwana, nítorí ó ní ọ̀wọ̀ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mú ọ̀kan kí ẹ má sì yí i padà.

Ìkejì ni ìdáhùn. Níhìn-ín, ẹni tó ń sọ Yorùbá ní àǹfààní ju ẹni tó ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. isiZulu máa ń fi ègé kékeré inú ọ̀rọ̀ ìṣe sọ bí nǹkan ṣe wà nínú àkókò: usehamba ni "ó ti ń rìn", usakhasa ni "ó ṣì ń rá", akakahambi ni "kò tíì rìn". "Tíì" tiwa gan-an ni -ka- yìí. Nítorí náà, "kò tíì ṣe é" kò gbọ́dọ̀ di "Cha", tó túmọ̀ sí rárá. Ìyá tó gbọ́ "Cha" yóò rò pé à ń sọ pé ọmọ òun kò lè ṣe é láéláé, yóò sì yẹra fún un. Ìyá tó gbọ́ "Akakakwenzi" mọ̀ pé a gbà pé ọmọ ṣì ń bọ̀. Bí ẹ bá ti mú ingane, "Ayikakwenzi" ni yóò jẹ́. Fún "nígbà mìíràn", "Ngezinye izikhathi" tó.

Ìkẹta ni orúkọ ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí atúmọ̀ lọ́kàn ni ukuhlola. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, àmọ́ ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò ilé ìwé, ìyá tó sì gbọ́ ọ yóò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ yege. Bákan náà, Yorùbá ń lo "ìdàgbàsókè" fún ọ̀nà tí ìjọba là àti fún ọmọ. Nínú isiZulu, intuthuko ni ti ọ̀nà àti iná mànàmáná, ukukhula ni ti ọmọ. "Imibuzo ngokukhula komntwana wakho", ìbéèrè nípa bí ọmọ yín ṣe ń dàgbà, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹ fi gbólóhùn kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé kò sí ìdáhùn tó yege tàbí tó kùnà, àti pé ìdáhùn kankan kò ní fọwọ́ kan imali yeqolo, owó tí ìjọba ń san fún ìtọ́jú ọmọ. Àwọn ìyá máa ń ní ìbẹ̀rù yìí lọ́kàn láìsọ ọ́ jáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ túmọ̀, kí ẹ sì ṣọ́ àwọn ibi tí èdè ti ń yọ̀

Ẹ má fi "kò" sínú ìbéèrè. Bí a bá bi Yorùbá pé, "Ṣé kò tíì rìn ni?", tó sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni", ohun tó sọ ni pé ọmọ náà kò tíì rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Yebo" ṣe rí. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ ìdáhùn sínú fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ "Yebo" kó sì fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni", nígbà tí ìyá ti sọ òdìkejì rẹ̀. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ìbéèrè 2, 5 àti 12 nínú M-CHAT-R/F ni "bẹ́ẹ̀ ni" ti jẹ́ àmì ewu, nígbà tí "rárá" jẹ́ àmì ewu nínú gbogbo àwọn tó kù. Atúmọ̀ tó fẹ́ràn kí nǹkan jọra lè yí mẹ́ta yìí padà pẹ̀lú inú rere. Ẹ kìlọ̀ fún un ṣáájú.

Ní ti àwọ̀, luhlaza ni ewéko, luhlaza náà ni ojú ọ̀run. Bí ó bá pọn dandan láti yà wọ́n, wọn yóò ní luhlaza okotshani, bíi koríko, tàbí luhlaza okwesibhakabhaka, bíi sánmà. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó pe méjèèjì ní luhlaza kò ṣì í, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tiwa kò ṣe ṣì í bí ó bá pe epo àti ọsàn tó pọ́n ní pupa. Ẹ yan àwọ̀ tí èdè náà yà sọ́tọ̀ gedegbe: obomvu tó jẹ́ pupa, omnyama tó jẹ́ dúdú, omhlophe tó jẹ́ funfun.

Ní ti òǹkà, ọmọ tó ń lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé sábà máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà. Ẹ má bá a wí. Mẹ́jọ ní isiZulu ni isishiyagalombili, ó sì gùn lẹ́nu àgbàlagbà pàápàá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé èdè èyíkéyìí tí ọmọ bá fi kà ni a ó gbà.

ASQ-3 tún béèrè bóyá ọmọ ń lo ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi "-s" àti "-ing". isiZulu máa ń sọ ọ̀rọ̀ di púpọ̀ láti iwájú: inja ni ajá kan, izinja ni ajá púpọ̀, umuntu ni ènìyàn kan, abantu ni ènìyàn púpọ̀. Irú ìbéèrè yìí kò ṣeé túmọ̀ rárá. Ẹ padà sí òpó kejì, kí onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ sì kọ ìbéèrè tuntun nípa yíyí iwájú ọ̀rọ̀ padà, kí ẹ wá gba àṣẹ lé e lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ so ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ pe àwọn atúmọ̀ méjèèjì jókòó, kí wọ́n yan gbólóhùn kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ìdí tí wọ́n fi yàn án. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni kẹta dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Dídá padà yìí wúlò láti fi rí ohun tó sọnù tàbí ohun tí a fi kún un. Àmọ́ kí ẹ má ṣe gbára lé e jù. Ìbéèrè "ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta" tó fún ọmọ yẹn ní òdo yóò padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìsí àléébù kankan, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé pérépéré.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ lọ jókòó ti àwọn òbí

Ìlànà àgbáyé tí ISPOR, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ètò ọrọ̀ ajé ìlera àti àbájáde ìtọ́jú, gbé jáde ní ọdún 2005 dábàá ènìyàn 5 sí 8 fún ìgbésẹ̀ yìí, níbi tí a ti ń wò ó bí ìbéèrè ṣe yé àwọn tí yóò dáhùn. Lójú tèmi, ó kéré. Ẹ wá iye yẹn ní ìgbèríko, iye yẹn ní ìgboro, kí ìyá àgbà sì wà nínú wọn.

Ẹ kí wọn dáadáa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. "Sanibonani" ni, kí a sì pe ìyá ní mama, kí a pe ìyá àgbà ní gogo; obìnrin tó ti relé ọkọ, ó lè fẹ́ kí a fi orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ pe òun, bíi MaDlamini tàbí MaKhumalo. Ẹ má ṣe béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Ọ̀wọ̀ yóò mú kí gbogbo wọn ní "Yebo". Ẹ ka ìbéèrè, ẹ gba ìdáhùn, kí ẹ wá ní: "Kí ni ọmọ yín ṣe tí ẹ fi dáhùn bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ni ẹ rí i gbẹ̀yìn?" Ìtàn tí wọ́n bá sọ ni yóò fi hàn bóyá ìtumọ̀ yín dúró.

Ìyá àgbà kan ni mo rí tó dáhùn "Cha" sí ìbéèrè bóyá ọmọ máa ń wo ojú ẹni. Nígbà tí a bi í pé kí ló dé, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun ti kọ́ ọmọ òun lẹ́kọ̀ọ́: ọmọ tó mọ ìtìjú kì í tẹjú mọ́ àgbàlagbà. Inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn náà. Ìwé wa sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí àmì ewu. Ìbéèrè àtilẹ̀bá sọ pé nígbà tí ẹ bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, tí ẹ bá ń bá a ṣeré tàbí tí ẹ bá ń wọṣọ fún un, ṣùgbọ́n ìparí ni ó sọ ọ́, ìyá àgbà kò sì gbọ́ débẹ̀ kí ó tó dáhùn. A gbé àkókò náà wá síwájú nínú isiZulu: nígbà tí ẹ bá ń wọṣọ fún un, tí ẹ bá ń bá a ṣeré. Ìyá àgbà kan náà rẹ́rìn-ín nígbà tí a tún un kà, ó ní nígbà tí òun bá ń wọṣọ fún un, ojú òun ló máa ń wò títí.

Nínawọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ìka ìnawọ́ wọ èdè náà lára débi pé isikhombisa, tó jẹ́ méje, wá láti inú khomba, láti nawọ́ sí nǹkan. Síbẹ̀ ọmọ kò gbọ́dọ̀ nawọ́ sí ènìyàn, òbí tó bá sì gbọ́ ìbéèrè náà láìsí àpẹẹrẹ yóò gbèjà ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nǹkan tí a nawọ́ sí hàn kedere: oúnjẹ tí ọwọ́ ọmọ kò tó, ọkọ̀ òfurufú lójú ọ̀run.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣeé kà sókè

Ọ̀rọ̀ isiZulu gùn, nítorí náà ẹ lo lẹ́tà ńlá, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ sí ìlà méjì. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kàwé láti kíláàsì kẹrin, tí isiZulu tí a kọ sílẹ̀ sì ń dá wọn dúró díẹ̀. Ẹ ṣètò rẹ̀ fún kíkà sókè láti ẹnu onompilo, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ilé dé ilé, kí ẹ sì kọ́ wọn pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí wọ́n kà á. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣàlàyé ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ìwé mìíràn ló ń kà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ dán an wò, kí ẹ sì pa ìwé ìpinnu mọ́

Ẹ lò ó fún àwọn ọmọ díẹ̀ tí nọ́ọ̀sì àti ìwé ìlera wọn fi hàn pé wọ́n ń dàgbà dáadáa, kí ẹ wo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gba òdo nínú ìbéèrè kan náà, ẹ kọ́kọ́ fura sí ìbéèrè ná. Ẹ má ṣe yí ààlà máàkì padà fúnra yín. Ìwádìí tó gbòòrò lórí àwọn ọmọ ibẹ̀ nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sára gbogbo ẹ̀dà, kí ẹ kó àwọn tó ti gbó kúrò ní ilé ìwòsàn.

Ìwé ìpinnu ni ibi tí ẹ ti ń kọ ohun tí ẹ yípadà àti ìdí rẹ̀. Nínú tiwa, ojú ewé kan gbáko ni ìbéèrè "ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta" gbà. Onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ní kí a yé ka ọ̀rọ̀, kí a wo bóyá ọmọ ti ń pààrọ̀ ẹni tó ń ṣe nǹkan: ṣé ó ń sọ "Ngiyadla", mo ń jẹun, nípa ara rẹ̀, tó sì ń sọ "Uyadla", ó ń jẹun, nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ṣé ó ń sọ orúkọ pọ̀ mọ́ ìṣe, bíi "Umama uhambile", ìyá ti lọ? A fi àpẹẹrẹ wọ̀nyí ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ìwé. Nísàlẹ̀ ojú ewé náà ni mo kọ "Angifuni" sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, kí atúmọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ìdí tí a kò fi lo ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta mọ́.